Ṣé ká san lé mọ́géèjì ni àbí ká tọ́jú owó ìkólọ? Bí ẹbí ṣe lè ṣe méjèèjì láì há

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ilé, tẹ́ ẹ̀ ń san mọ́géèjì (ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ báńkì láti fi ra ilé náà) lóṣooṣù, tówó díẹ̀ sì ń ṣẹ́kù lọ́wọ́, àmọ́ tọ́kàn yín ti wà nínú ilé míì tó tóbi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa da gbogbo owó tó bá ṣẹ́kù lé mọ́géèjì kó lè tètè tán. Èmi àtìyàwó mi gbà á gbọ́ nígbà kan, a sì ṣe é fún ọdún méjì gbáko. Àfìgbà tí òjò ńlá kan rọ̀, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi wá ń kán láti sílíìnì sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì síbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, tó, tó, tó, kò sẹ́ni tó sùn nínú wa. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí ẹni tó ń tún òrùlé ṣe dárúkọ iye tó máa gbà, owó tó wà nínú àkáǹtì wa ò tó ìdajì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye tá a ti san lé mọ́géèjì láàárín ọdún méjì yẹn ju owó òrùlé náà lọ nílọ̀po mẹ́ta. Mo pe báńkì, wọ́n ní owó tó ti wọlé ti wọlé nìyẹn, pé tí mo bá fẹ́ owó kí n kọ̀wé béèrè fún lóònù tuntun. Káàdì gbèsè la fi ṣe òrùlé yẹn, oṣù 11 la fi san án tán, èlé orí ẹ̀ ò sì kéré.

Ohun tó dá mi lójú látìgbà yẹn ni pé owó tó bá ti wọnú ilé ti di bíríkì, bíríkì ò sì ṣeé ná. Sísan lé mọ́géèjì dáa, mo ṣì ń ṣe é títí dòní, àmọ́ ó ní ibi tó yẹ kó wà lórí ìlà, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ sílé míì láàárín ọdún mélòó kan. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ tò ó rèé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pe báńkì kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan lé e

Ẹ mú bébà àti bírò, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí: èló ló kù lórí gbèsè náà lónìí, ìdá mélòó ni èlé, ṣé réètì náà, ìyẹn ìdá èlé, jẹ́ fíìsì tí kì í yí padà títí di ọjọ́ kan, àbí èyí tó ń lọ sókè sódò, tó bá sì jẹ́ fíìsì, ọjọ́ wo gan-an ló máa parí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá béèrè pé èló la lè san lé e lọ́dún kan láì san owó ìtanràn. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an torí òfin ò rí bákan náà káàkiri. Ní Britain, ọ̀pọ̀ báńkì ló máa ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tó kù lọ́dún kan nígbà tí fíìsì ṣì ń lọ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀ wọ́n á gbowó ìtanràn. Ní Kánádà ọ̀pọ̀ àdéhùn máa ń wà láàárín ìdá 10 sí 20. Ní Jámánì, ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú àdéhùn ló máa sọ ọ́, ìdá 5 wọ́pọ̀, àmọ́ tí fíìsì yín bá ti lé lọ́dún 10 tẹ́ ẹ ti gbowó náà, òfin fún yín láyè láti jáwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní ìfitónilétí oṣù 6. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́géèjì ilé tí wọ́n ń ṣe báyìí ò ní owó ìtanràn rárá, àmọ́ ìṣòro míì wà níbẹ̀, màá dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: tá a bá ta ilé yìí kí fíìsì tó parí ńkọ́? Ká ní gbèsè tó kù jẹ́ 177,000, tí ìtanràn sì jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ti lé ní 5,300 tó kàn fò lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn báńkì kan gbà kẹ́ ẹ gbé mọ́géèjì yín dání lọ sílé tuntun pẹ̀lú réètì tẹ́ ẹ̀ ń san tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè bóyá tiyín gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí wọ́n ṣì máa yẹ sálárì yín wò bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní fíìsì ọgbọ̀n ọdún lórí èlé tó rẹlẹ̀, ọjọ́ tó bá ta ilé ni èlé rẹlẹ̀rẹlẹ̀ yẹn parí, tuntun tó máa yá á tẹ̀ lé ohun tó wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò yín.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wo ibi tówó ń gbà lọ

Mi ò fẹ́ fa èyí gùn. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù 3 tó kọjá jáde, kẹ́ ẹ lọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta: ohun tí kò ṣeé má san, ohun tá a lè dín kù, àti ohun tá ò tiẹ̀ rántí pé à ń san. Ẹ̀yìn náà lẹ wá fi èyí tọ́pọ̀ èèyàn ń gbójú fò kún un, ìyẹn àwọn owó tí kì í wá lóṣooṣù. Ìǹṣọ́ránsì mọ́tò, owó iléèwé, táyà, bàtà àwọn ọmọ tẹ́sẹ̀ wọn ń dàgbà lójoojúmọ́, owó tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sáwọn òbí, ọdún àti ọjọ́ ìbí. Ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ fún ọdún kan, kẹ́ ẹ pín in sí 12, kẹ́ ẹ kà á mọ́ ìnáwó oṣù. Ìgbà tá a ṣe é nílé wa, owó tá a rò pé ó ń ṣẹ́kù wálẹ̀ sí bí ìdajì, inú mi ò dùn sí i o, àmọ́ òótọ́ nìyẹn.

Ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn ẹnì kejì yín. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ilé wa nìyí tẹ́lẹ̀: èmi ń fẹ́ kí gbèsè tán, ìyàwó mi ń fẹ́ yàrá kan sí i, àwa méjèèjì ò sọ ọ́ síta, kálukú kàn ń ṣe tiẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tá a jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn táwọn ọmọ ti sùn ló tó yé mi. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé ẹ mọ̀ pé látọdún tó kọjá ni mo ti ń wo ilé lórí fóònù lálaalẹ́?" Mi ò mọ̀. Mo rò pé fídíò ló ń wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Gbèsè olówó gọbọi àti owó pàjáwìrì ló ṣáájú

Tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè lórí káàdì, ẹ má tíì dárúkọ sísan lé mọ́géèjì. Ká ní ẹ jẹ 3,000 lórí káàdì tí èlé ẹ̀ jẹ́ ìdá 24 lọ́dún, bí 60 ló ń jẹ lóṣù kan. 3,000 kan náà tẹ́ ẹ bá kó o lé mọ́géèjì tí èlé ẹ̀ jẹ́ ìdá 5, 12 àti àbọ̀ ló máa gbà yín sílẹ̀ lóṣù. Ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Tí ìyẹn bá tán, owó pàjáwìrì ló kàn. Oṣù 3 ìnáwó tí kò ṣeé má ná ni ó kéré jù, tó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń mówó wọlé nínú ilé tàbí pé iṣẹ́ àdáni lẹ̀ ń ṣe, oṣù 6 ni mo máa dúró lé. Àkáǹtì tẹ́ ẹ ti lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ni kó wà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tì pa fún ọdún kan. Owó yìí ò sí lára owó ìkólọ o. Àpò ọ̀tọ̀ ni, orúkọ ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un nínú áàpù báńkì yín. Tiwa ń jẹ́ Òrùlé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìṣirò tó máa sọ ibi tówó yẹ kó lọ

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ fi owó ìlú yín sí i, ìṣirò náà ò ní yí padà.

Ká ní ẹ yá 200,000, ìdá 5 lọ́dún, fún ọdún 25. Ìdáwó oṣù kan á jẹ́ nǹkan bí 1,169. Nínú 1,169 ti oṣù àkọ́kọ́, 833 ni èlé, 336 péré ló lọ sí ojú owó, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá gan-an láìka èlé. Ìdí nìyẹn tí sísan lé e fi lágbára, torí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi lé e, ojú owó ló ń gé tààrà. Tẹ́ ẹ bá ń fi 200 kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè náà á tán ní bí ọdún 18 àti oṣù 10, ìyẹn ọdún 6 ó lé oṣù méjì ṣáájú, èlé tẹ́ ẹ ò sì ní san mọ́ á tó 41,800. Owó ńlá ni, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àmọ́ ẹni tó máa gbénú ilé náà títí gbèsè á fi tán nìyẹn ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ kó lọ lẹ́yìn ọdún 5 ńkọ́? 200 lóṣù fún ọdún 5 jẹ́ 12,000. Tẹ́ ẹ bá kó o lé mọ́géèjì, gbèsè yín á fi bí 13,600 dín sí bó ṣe yẹ kó wà. Tẹ́ ẹ bá kó 200 kan náà sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ tó ń san ìdá 3, á di bí 12,930. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lọ́dún 5 ò ju bí 670 lọ. Tí ìjọba ibi tẹ́ ẹ wà bá ń gbowó orí lórí èlé báńkì, á fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tẹ́ ẹ san nìyẹn kówó yín lè wà níbi tọ́wọ́ yín á tó o. Èmi tí mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ sílíìnì, màá san án.

Bí réètì ṣe rí náà máa ń yí ìdáhùn padà. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà lórí fíìsì ìdá 2 tí báńkì míì sì ń fúnni ní ìdá 4 lórí ìfowópamọ́, kò sídìí tẹ́ ẹ máa fi san lé mọ́géèjì yẹn, ẹ kó owó náà jọ, kẹ́ ẹ fi dín gbèsè kù lọ́jọ́ tí fíìsì bá parí. Tí mọ́géèjì bá ń jẹ ìdá 7 tí àkáǹtì sì ń fún yín ní ìdá 2, ìyàtọ̀ yẹn ti tóbi, ẹ lè pín in sí méjì. Ní Britain àti Ọsirélíà wọ́n tún ní mọ́géèjì kan tí wọ́n ń so mọ́ àkáǹtì yín, iye tó bá wà nínú àkáǹtì ni wọ́n á yọ kúrò lára gbèsè kí wọ́n tó ṣírò èlé, owó náà ṣì wà tẹ́ ẹ lè yọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, tí réètì ẹ̀ ò sì ga ju tàwọn yòókù lọ púpọ̀, ó dáa fún irú wa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé ìdáwó ilé tuntun wò kẹ́ ẹ tó lọ wo ilé kankan

Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú ohun tí mo kọ, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ ṣírò iye tẹ́ ẹ máa máa san nílé tuntun, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án nísinsìnyí, sínú àpò ara yín.

Ẹ jẹ́ ká máa bá àpẹẹrẹ wa lọ. Ilé tẹ́ ẹ wà tó 250,000, gbèsè tó kù lẹ́yìn ọdún 5 jẹ́ 177,160. Ìpín yín nínú ilé nìyẹn, 72,840. Ẹ yọ 15,000 fún ìnáwó ìkólọ, ó ku 57,840. Ilé tẹ́ ẹ̀ ń wò jẹ́ 320,000. Ẹ máa ní láti yá 262,160, ìdáwó oṣù lórí ọdún 25 á sì jẹ́ bí 1,533. Ìyẹn fi 364 ju èyí tẹ́ ẹ̀ ń san lọ. Ilé tó tóbi sì máa ń jẹ iná, omi àti owó orí ilé ju kékeré lọ, ẹ ka ìyẹn sí 120. Àpapọ̀ jẹ́ 484. Lọ́jọ́ tí sálárì bá wọlé, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí báńkì máa gbé 484 lọ sí àpò ìkólọ fúnra ẹ̀. Fún oṣù 6, ó kéré tán. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ ṣe bíi pé ó ti lọ.

Oṣù àkọ́kọ́ máa ń dùn. Oṣù kejì náà ò burú. Tiwa dẹ́nu kọlẹ̀ ní oṣù kẹta, mọ́tò bà jẹ́, owó iléèwé dé lọ́sẹ̀ kan náà, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 19 nínú oṣù, ìyàwó mi ti ń ka owó tó wà nínú pọ́ọ̀sì kó tó jáde. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ilé tó ń wò lórí fóònù yẹn kọjá agbára wa ní báyìí. A ò jà, a kàn mú iye ilé wálẹ̀, a tún ṣírò, a tún bẹ̀rẹ̀ oṣù 6 míì. Ẹ wo bó ṣe rí, ká ní a ti rà á ni, báńkì ò ní gbà ká tún un ṣírò.

Àǹfààní kejì ni pé owó náà ò nù. 484 fún oṣù 6 jẹ́ 2,904, owó lọ́yà tàbí apá kan lára ẹ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.

Ẹ tún wo nǹkan míì níbí. 57,840 yẹn jẹ́ ìdá 18 nínú iye ilé tuntun. Tẹ́ ẹ bá fi 12,930 tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́ kún un, ó di ìdá 22. Báńkì máa ń to réètì wọn ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, ẹni tí dípósíìtì ẹ̀, ìyẹn owó tó fi sílẹ̀ látinú àpò ara ẹ̀, bá dé ìdá 20 sábà máa ń rí èlé tó rẹlẹ̀ ju ẹni tí kò dé ibẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn mọ́géèjì tí ìjọba ò dúró fún, ìdá 20 yẹn náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n bu ìǹṣọ́ránsì mọ́géèjì, èyí tó ń dáàbò bo báńkì, lé yín lórí. Àtẹ̀gùn yìí ni kẹ́ ẹ fojú sùn. Kò sóhun tó ń dunni bíi kéèyàn fi 1,000 dín sí i kó sì máa san réètì gíga fún ọdún 5.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ ìnáwó ìkólọ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ

Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí rírà ilé máa ń tóbi gan-an láwọn ibì kan, ẹ wo ti ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, ejẹ́ǹtì tó máa ta tẹ́lẹ̀, lọ́yà, ẹni tó máa yẹ ilé tuntun wò bóyá ògiri ẹ̀ ti lanu, owó tí báńkì ń gbà láti ṣe mọ́géèjì tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù, ìtanràn fíìsì tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kéékèèké ló wá kù, kọ́tìnnì tí kò bá wíńdò mu, kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ máa pààrọ̀, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ò ní lè sè nílé torí ìkòkò ṣì wà nínú páálí, ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fi ìdá 10 lé àpapọ̀ ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá rí iye yẹn, ẹ bi ara yín bóyá ilé yìí gan-an ò lè gba yàrá kan sí i, torí nígbà míì owó tó máa bá ejẹ́ǹtì, lọ́yà àti ìjọba lọ ti fẹ́ẹ̀ tó kọ́ yàrá náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ san lé e, ẹ san án dáadáa

Ẹ máa rántí pé ẹ ti ní owó pàjáwìrì, káàdì ti mọ́, àpò ìkólọ ti ń kún. Ohun tó bá wá ṣẹ́kù lẹ lè fi lé mọ́géèjì. Tẹ́ ò bá sì ní kó lọ rárá, tàbí ó di ọdún 10 kẹ́ ẹ tó kó lọ, ẹ lè fi púpọ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí 41,800 tí mo ṣírò lókè lẹ̀ ń lé nígbà yẹn.

Ẹ kọ̀wé sí báńkì pé ojú owó ni kí wọ́n fi gé, torí àwọn míì máa ń kà á sí ìdáwó oṣù tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ san ṣáájú, kò sì ní dín gbèsè kù bó ṣe yẹ. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa dín ọdún kù ni àbí wọ́n máa dín ìdáwó oṣù kù. Ẹni tó ń fẹ́ kí gbèsè tètè tán, ọdún ni kí wọ́n dín. Ẹni tó ń fẹ́ kí oṣù rọrùn, bíi tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdáwó ni. Ẹ béèrè bóyá ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò èlé. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ọjọ́ sálárì ni kẹ́ ẹ san án, kẹ́ ẹ má dúró dìparí oṣù. Lẹ́yìn ìsanwó àkọ́kọ́, ẹ wo àkọsílẹ̀ mọ́géèjì yín pẹ̀lú ojú ara yín bóyá iye tó kù wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọdún mélòó lẹ máa fọwọ́ sí nílé tuntun

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ síwèé, báńkì á tún fẹ́ fún yín ní ọdún 25 látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 20 ló kù fún yín tẹ́lẹ̀. Lórí 262,160 yẹn, ọdún 25 jẹ́ 1,533 lóṣù, ọdún 20 jẹ́ 1,730. Ìyàtọ̀ èlé tẹ́ ẹ máa san láàárín méjèèjì lé ní 44,000. Ẹ ka ọjọ́ orí yín mọ́ ọdún náà, ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá máa parí.

Ohun tí èmi àtìyàwó mi ṣe ni pé a gba ọdún tó gùn, kó má bàa há nígbà tí nǹkan bá le, a sì fi ẹnu kò pé a máa san lé e bíi pé ọdún 20 la gbà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ a ò san kọ́bọ̀ lé e, torí ilé tuntun máa ń ní ohun tó fi pa mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Tiwa fi páìpù kan tó ń jò lábẹ́ síǹkì ìdáná pa mọ́. Inú àpò Òrùlé la ti yọ owó páìpù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ a ti dá a padà, oṣù tó tẹ̀ lé e la bẹ̀rẹ̀ sí í san lé mọ́géèjì.